Orúnkún Baba Àgọ́

Orúnkún ọ̀tún ni. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti ń dun Baba Àgọ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀, torí òun ló ń fi aṣọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ́ ló ń ti Baba. Ètò Ìrìn-Òkè ló ń bò láṣìírí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde ní Sátidé, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n tukọ̀ lórí adágún, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́. Àwọn ọ̀gá yunifásítì wá fẹ́ fòpin sí i. Wọ́n ní inú orí arúgbó kan ṣoṣo ni gbogbo ètò náà wà, tí arúgbó bá fẹ̀yìn tì, ta ló máa mọ̀nà? Wọ́n ní obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ máa bá wọn rìn lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni àwọn máa ṣe.

Baba bá pinnu pé òun máa fi han obìnrin náà pé ara òun ṣì le koko. Arúgbó ṣoge rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúnkún kì í gbọ́ ìtàn àná.

Nígbà tí Sátidé pé, obìnrin náà dé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì tuntun àti fáìlì lábẹ́ apá. Kí wọ́n tó jáde ní géètì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọ́ ní Màdáámù Fáìlì. Baba ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ló ka okùn, òun ló di àpò, òun ló ti máàpù bọ àpò ṣòkòtò. Abẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, kàn ń wò ó níran. Ó kéré lára, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Òfin kan wà tí Baba fi ń kó wọn rìn: ẹni tó lọ́ra jù ló ń ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ èèyàn nù. Gbogbo wọn gbà pé Màdáámù Fáìlì ló máa lọ́ra jù, wọ́n bá ní kó bọ́ síwájú. Àṣé ẹsẹ̀ Màdáámù yá! Ó ń gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè lókè. Nígbà tí wọ́n fi dé ìdajì ọ̀nà, Baba ti dèrò ẹ̀yìn pátápátá. Níbi tí òkúta pọ̀ sí, orúnkún yẹ̀, Baba sì jókòó sílẹ̀ gbì. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Baba wẹ̀yìn wò, kò rí ẹnì kankan, torí òun ló kẹ́yìn.

Wọ́n sáré padà. Màdáámù dúró lé e lórí, ó ṣí fáìlì. Baba mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ètò ti bà jẹ́, òun ló sì bà á jẹ́.

Abẹ́rẹ́ ò pariwo. Ó ní kí ẹnì kan fi báńdéèjì di orúnkún, ó ní kí àwọn méjì pín ẹrù Baba gbé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ máàpù lápò Baba, ó wò ó dáadáa, ó ní kí wọ́n fi òkè sílẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀nà pẹrẹsẹ tó lọ sétí adágún.

“Baba, ẹ bọ́ síwájú.”

Baba ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Baba. Ẹni tó lọ́ra jù ló ń ṣáájú.”

Baba ṣáájú, ó ń fi igi tilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tí wọ́n dé adágún, kó tó tú okùn bàtà rẹ̀ tán, àgọ́ mẹ́rin ti dúró. Ó wá àṣìṣe kan tó lè tún ṣe, kò rí. Ó dùn ún díẹ̀.

Màdáámù jókòó tì í. “Baba, ẹ ò lè ṣe é mọ́.”

Baba fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. “Mi ò lè ṣe é mọ́, mà.” Kò tíì sọ ọ́ síta rí.

“Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tíì kú o, mà. Orúnkún ló ń dùn ún.”

Màdáámù rẹ́rìn-ín títí fáìlì fi já bọ́. Ó wá sọ fún un pé ká ní ó gun òkè náà dé ṣóńṣó bí ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òun ì bá kọ ọ́ pé kí wọ́n ti ètò náà pa, torí ohun tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ lòun wá wò.

Lọ́jọ́ Túsìdeè lẹ́tà dé. Ètò ò níí parẹ́. Abẹ́rẹ́ àti àwọn méjì ló máa máa darí rẹ̀, wọ́n á sì kọ́ ẹlòmíì kí wọ́n tó jáde ní yunifásítì. Tí nǹkan bá rú wọn lójú, kí wọ́n pe Baba.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Baba jókòó sí pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, fóònù wà lórí itan rẹ̀ láti àárọ̀. Òjò ṣú, ó gbé fóònù. Òjò ò rọ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó pè.

Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀. “Baba àwọn ọmọ, àbí wọ́n ti gbàgbé yín ni?”

“Wọn ò gbàgbé nǹkan kan,” Baba dáhùn. “Ìyẹn ni wọn ò ṣe pè.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá, ebi ń pa òun.