Okùn Tó Bá Ọ̀pá Bàbá Mu

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n mú àpótí irinṣẹ́, àbúrò mú ọ̀pá ìpẹja. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé gíga ló ń tún ṣe, kàn rẹ́rìn-ín ni.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀pá ṣe? Ìwọ tí o kì í lè jẹ ẹja tó bá ṣì lójú lórí?"

"Bùrọ̀dá, èmi náà ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Aránṣọ ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan nísàlẹ̀ ilé tó ń gbé, kò sì fọwọ́ kan ọ̀pá ìpẹja rí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé láàárọ̀ Sátidé gbogbo, bàbá wọn á gbé ọ̀pá yẹn jáde, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun.

Fáíbàgíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó sì máa ń tẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ṣóńṣó orí títí dé ìdí. Okùn tí wọ́n wé mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ ti gbó, ó ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ọ̀dà ara ògiri. Ni Aránṣọ bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ìpẹja.

Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé ìgò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Irú ìpẹja yìí, ó ní, kò ní òjé lẹ́nu okùn. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ wé bíi kòkòrò ló wà níbẹ̀, ìyẹn kò sì wúwo ju èémí lọ. Okùn fúnra rẹ̀ ló ń wúwo, òun ni ọ̀pá ń jù, ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lọ ni. Ìdí nìyẹn tí okùn fi ní nọ́ńbà, tí ọ̀pá náà ní tirẹ̀: bí nọ́ńbà okùn bá ṣe ga tó ló ṣe ń wúwo tó. Okùn tó bá fúyẹ́ jù, ọ̀pá ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí tó bá wúwo jù, ọ̀pá á máa rọ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí.

Ó yí ọ̀pá síbi iná, ó wo àkọlé kékeré tó wà lókè ibi ìdìmú. "Márùn-ún. Ó hàn kedere. Bíi bàtà ni, màdámù. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà márùn-ún, bàtà nọ́ńbà márùn-ún."

Ìyẹn yé Aránṣọ dáadáa. Ó gbé okùn nọ́ńbà márùn-ún relé, ó sì mú ọ̀pá lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó jù ú. Okùn dìde, ó dúró lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ló bá wó lé e lórí. Ó tún un jù. Ó wó sí i lẹ́sẹ̀, ó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọ ológbò ti fi ṣeré.

Bí ó ṣe ń bọ̀, ó pàdé Bàbá Fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ náà.

"Ta ló ní márùn-ún?" ni Bàbá Fèrè wí. "Mẹ́fà ni bàbá rẹ ń lò. Èmi ni mo bá a wé e mọ́ kẹ̀kẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, márùn-ún ni wọ́n kọ sára ọ̀pá."

"Mo mọ̀. Márùn-ún ni wọ́n kọ, mẹ́fà ló ń lò."

"Ta ló wá ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sẹ́ni tó ń parọ́." Bàbá Fèrè húkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Aránṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Olùtajà gbé okùn sórí ìwọ̀n kékeré, ó họrí. Ó ní tòótọ́, àwọn tó ń ṣe okùn lóde òní máa ń fi kún un díẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní márùn-ún yìí, ó ti ń yọjú sí mẹ́fà. Kò tíì panu dé tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn àwọn àpótí.

"Mẹ́rin ni kí wọ́n mú! Fáíbàgíláàsì, bí okùn rẹ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe ń dùn tó."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ta ló ń pẹja jù nínú àwa méjèèjì?"

Wọ́n ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ tọkọtaya. Níkẹyìn wọ́n yá a ní okùn mẹ́ta: nọ́ńbà mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà, kó lọ dán wọn wò, kó dá èyí tí kò bá wù ú padà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, orí Aránṣọ dàrú pátápátá. Ó ran ẹ̀wù fún tíṣà kan, tíṣà wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú dígí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ òsì méjì ni mo ní ni?" Ọwọ́ ẹ̀wù òsì ló rán sí ọ̀tún pẹ̀lú. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó fa Bàbá Fèrè lọ sí pápá. Mẹ́rin ló kọ́kọ́ jù, ó dà bí ẹni tó ń ju afẹ́fẹ́. Bó ṣe mú márùn-ún, bàbá pariwo mọ́ ọn.

"Dúró! Fáíbàgíláàsì kì í kánjú. Èmi tí mo wa ọkọ̀ ojú irin, bí mo bá fa bíréékì, mo ti máa ń ka nǹkan tó ogún kó tó gbọ́. Jẹ́ kí okùn nà tán lẹ́yìn rẹ ná, kó o tó jù ú síwájú."

Ó dúró. Okùn nà tán. Ó jù ú, ó sì fò lọ gbọọrọ bí ẹyẹ. Inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó fẹ́ ju ọ̀nà kúkúrú tí márùn-ún tún wó. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí mẹ́fà. Mẹ́fà lọ síbi kúkúrú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ kó lọ jìnnà, ọ̀pá tẹ̀ kọjá ààlà, okùn já bọ́ pọ̀ọ̀. Aránṣọ jókòó sórí koríko. Márùn-ún tọ̀nà, kò tọ̀nà. Mẹ́fà náà bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tí bàbá mi fi ń lo mẹ́fà?"

Bàbá Fèrè wo ilẹ̀ títí. "Èjìká rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà tó lò kẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í kọjá àyà. Kò lè jù ú jìnnà mọ́. Okùn tó wúwo ló máa ń jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n má sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Ó ní ẹ ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ òun."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Aránṣọ ń fi téèpù wọn èjìká yẹn. Bàbá ti ní kó dẹ́kun rírán ẹ̀wù tí wọ́n ń ti orí wọ̀ fún òun, kó máa ṣe èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú. Ó rò pé fáàrí ni. Kò mọ̀ bóyá kí òun bínú ni, àbí kí òun sunkún, àbí ta ni kí òun tilẹ̀ bínú sí.

Ó pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, ó ròyìn fún un.

"Ó máa ń ní kí n bá òun gbé ife sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo rò pé ó kàn ń fi mí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ni."

Ní Sátidé, Bàbá Fèrè mú Aránṣọ lọ síbi odò. Odò kékeré ni, igi tẹ̀ bò ó lọ́tùn-ún lósì, èèyàn lè sọ òkúta sí òdìkejì láìsáré. Aránṣọ wò yíká, ojú rẹ̀ tún rú.

"Ṣùgbọ́n níbí, bàbá, kò sẹ́ni tó lè ju okùn jìnnà. Ẹni tí èjìká rẹ̀ le koko pàápàá, mẹ́fà ló máa lò. Ṣé èjìká ló fà á ni àbí odò?"

"Odò ńlá ni bàbá rẹ ń lọ tẹ́lẹ̀," ni Bàbá Fèrè dáhùn. "Èjìká ló gbé e wá síbí."

Aránṣọ so okùn nọ́ńbà mẹ́fà, ó dúró kó nà tán, ó jù ú. Ní ìgbà kọkànlá, nǹkan fà á. Aránṣọ kígbe, ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ kún fómi. Ẹja tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wà lẹ́nu ìwọ̀, ó ń wò ó. Ó bẹ Bàbá Fèrè kó bá òun tú u, wọ́n sì dá a padà sómi.

Nígbà tí wọ́n ń nu ọ̀pá, ó ní òun fẹ́ rí odò ńlá yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Okùn wo lo máa mú dání?" ni bàbá bi í.

Aránṣọ ronú ronú. "Mi ò mọ̀, sà."

"Kò burú. Ọ̀nà jìn, wàá rí àyè rò ó."