Ìbọ̀sẹ̀ Funfun Nínú Yàrá Ràmọ́tà

Ológbò náà kì í ṣe tèmi. Ti ìyàwó mi ni. Ràmọ́tà ló gbé e wálé láti Sábó nígbà tó ṣì kéré, ó fi hìjáábù bò ó kí n má baà rí i. Òun náà ló sọ ọ́ ní Kòkànmí. Obìnrin kan wà ní ojúlé kejì nígbà náà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sinmi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, Ràmọ́tà á bọ́ síta, á máa pe ológbò rẹ̀: "Kòkànmí! Kòkànmí o!" Obìnrin náà ti kó lọ. Orúkọ ológbò kò yí padà.

Nígbà tí Ràmọ́tà kú, àwọn èèyàn ń wá kí mi. Wọ́n á ní, "Ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ wọn." Ológbò á gba ẹ̀yìn wọn wọ pálọ̀, èmi á sì pè é kó jáde. Àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ á máa wò mí. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo ti yàrá rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó ní kí n tì í. Mo fi ibùsùn sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ìró tó fi ń bora nígbà àìsàn, àti ẹní ìkírun rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Gíláàsì kan ti já lójú fèrèsé yàrá náà, ibẹ̀ ni Kòkànmí ń gbà wọlé lọ sùn. Mo mọ̀. N kò tún gíláàsì ṣe.

Láìpẹ́, Raliat ọmọ wa bímọ ní Ọ̀yọ́, níbi tó wà lọ́dọ̀ ọkọ. Obìnrin ló bí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyábọ̀. Kí ni wọn ì bá tún sọ ọ́? Kí Ràmọ́tà tó kú ló ti rí oyún náà, ó sì ti bá Raliat sọ ọ́ pé yàrá òun ni yóò ti wá tọ́ ọmọ náà, kí ọwọ́ òun lè tó o. Ó kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀. Mo fẹ́ kó ṣẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ lọ́dún náà nìyẹn.

Mubaraq, ọkọ Raliat, ló kọ́kọ́ wá já ẹrù ọmọ sílẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó padà sí Ọ̀yọ́. Kí n tó kí ìrun Àṣámù tán, Raliat ti pè mí.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ọkọ mi ti wú látilẹ̀ dé orúnkún. Ó ní eégbọn ló wà nílé yín."

"Kò sọ fún mi."

"Ṣé ó lè sọ fún yín ni? Bàbá àna rẹ̀! Ó jókòó, ó ń fara dà á. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gbé ọmọ tuntun wá sínú eégbọn. Ẹ má bínú."

Mo ní n kò bínú.

Ládùúgbò wa, gbogbo ohun tó bá ń jẹ ẹranko là ń pè ní eégbọn. Ṣùgbọ́n eégbọn tí mo mọ̀ kì í fò. Èyí tó wà lára Kòkànmí dúdú, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, kò tó hóró ọkà bàbà. Bí èèyàn bá na ọwọ́ sí i, ó ti fò lọ. N kò ní orúkọ mìíràn fún un, nítorí náà èmi náà á máa pè é ní eégbọn.

Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ ológbò náà. Ó ya mí lọ́wọ́ méjèèjì. Israfil ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń wá bá mi ṣeré lẹ́yìn ìrun Láásárì, jókòó ó ń wò wá.

"Da ọ̀tápìapìá sí i lára," ó wí.

"Ológbò á kú."

"Eégbọn náà á kú."

"Israfil."

"Mo ń sọ tèmi ni. Tó ò bá fẹ́ kó kú, gbé e kúrò nílé. Bí ẹran bá lọ, kí ni eégbọn ń dúró ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo ní ìwé ẹ̀rí girama, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú mi. Lọ́jọ́ kejì mo gbé Kòkànmí sínú páálí, mo dá ihò sí páálí náà lára, mo wọ bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

A kò tíì jìnnà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Awakọ̀ náà, Ọlọ́runṣògo lorúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí iwájú mọ́tò, yí orí padà.

"Bàbá, kí ló ń sunkún nínú páálí yẹn?"

"Ológbò ni."

"Ológbò! Nínú mọ́tò mi! Bàbá, ẹ ò bá ti sọ fún mi kí n tó gbàdúrà ìrìn àjò. Àdúrà tèèyàn nìkan ni mo gbà."

Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Dẹ́rẹ́bà, kọjú síwájú o. Ológbò kọ́ ló ń wakọ̀." Ó wá bi mí léèrè, "Kí lorúkọ rẹ̀, Bàbá?"

"Kòkànmí."

"Ó kàn yín o!" Ọlọ́runṣògo wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé e lẹ́sẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ọ̀yọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Àbúrò Ràmọ́tà ni mo gbé ológbò náà fún, Ìyá Bushrah. Ó ṣí páálí, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀."

"N kò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹja yíyan tẹ́ ẹ dì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?"

Mo ní kí ebi má baà pa á lọ́nà ni. Ó ní òun ti gbọ́. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ilé dákẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ológbò ń pariwo tó bẹ́ẹ̀. Mo gbá pálọ̀, mo fi omi ọṣẹ nù ún, mo sì ń dúró de ìgbà tí n óò pe Raliat. Ṣùgbọ́n dípò kí eégbọn dín kù, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń jẹ mí ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹ mí lórí ìrun. Èèyàn kò sì lè máa họ ara nínú ìrun. Israfil wá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara.

"Ṣé o ti gbé ológbò lọ?"

"Mo ti gbé e lọ."

"Ta wá ló ń jẹ mí?"

Èmi náà ń họ ọrùn ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ní kí a máa ṣeré wa nílé tòun láti ìgbà náà lọ.

Ìsọ̀ kan wà ní Takie tí wọ́n ti ń ta oògùn adìyẹ àti ti ẹran ọ̀sìn. Ìyá Ìyanuolúwa ló ni ín, obìnrin Aládùúrà ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Bàbá, ẹ ti gbé oúnjẹ wọn lọ. Ẹ̀yin lẹ kù tí wọ́n máa jẹ."

"Ṣé wọn kò bá ológbò lọ ni?"

"Díẹ̀ ló bá a lọ. Ẹyin wọn kì í dúró lára ẹran. Ńṣe ló ń já sílẹ̀ níbi tó bá ń sùn. Ibẹ̀ ni ẹyin náà ti ń pa, tí wọ́n ti ń dàgbà. Níbo ló máa ń sùn?"

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ inú àpò mi.

"Yàrá kan wà. Ó wà ní títì."

"Tó bá wà ní títì, tí wọn kì í gbá a, ẹ ń sìn wọ́n níbẹ̀ ni. Ẹ ṣí i. Gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀, omi gbígbóná. Ẹní, tìmùtìmù, ẹ kó wọn sóòrùn. Ẹ gbá gbogbo kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sun pàǹtí ẹ̀. Ẹ wá fín oògùn yìí sílẹ̀. Àwọn tó ṣì wà nínú ẹyin á jáde lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù, ẹ tún un ṣe."

"Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè fín in láìfọ àwọn aṣọ náà?"

Ó wò mí. Ó wo ìrùngbọ̀n mi tí n kò gé láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò sí, sà. Ẹ kú àráfẹ́rakù."

Ó fún mi ní oògùn ilẹ̀, ó tún fún mi ní kékeré kan tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ológbò. Ó ní kí n má ṣe gba ti ajá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ti ajá a máa pa ológbò. Ó ní kí n kán an sí i, kí n sì mú un padà wálé, nítorí pé èyí tó bá kù nílé yóò fò lọ bá a, oògùn yóò sì pa á. Ó tún ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun bí mo bá fẹ́ wọ yàrá náà, kí n lè rí wọn.

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Yàrá náà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ìró rẹ̀ wà lórí ibùsùn, irun ológbò bò ó láàárín, ojú ibi tó ń ká ara rẹ̀ jọ sí sì ti jin wọnú. Ó ti ń sùn síbi tí ikùn Ràmọ́tà máa ń wà. Mo dúró. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ mi ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ń gòkè. Mo jẹ́ kí wọ́n máa gòkè fún ìgbà díẹ̀.

Mo gbé omi kaná lẹ́yìnkùlé. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde: aṣọ ibùsùn, ẹní ìkírun, hìjáábù tó so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó àwọn tó wà ní ojúlé kejì báyìí yọjú lórí ògiri.

"Bàbá Raliat, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa fọ ìró."

"Ẹ ṣé. Èmi ni n óò fọ̀ ọ́."

Ìró yẹn ni mo mú kẹ́yìn. Mo gbé e sí imú. Òróró tó fi ń para ṣì wà níbẹ̀, àti àdín, àti ológbò. Mo rì í sínú omi, mo fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi fi pọ́n. Lẹ́yìn náà mo gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọṣẹ ni.

Mo gbá, mo sun pàǹtí, mo fín oògùn. Mo lọ mú Kòkànmí ní Ọ̀yọ́, a kán oògùn sí i lọ́rùn, Ìyá Bushrah dì í mú. Ó dá ẹja tèmi padà pẹ̀lú ẹja tirẹ̀. Eégbọn tún yọ nígbà kan, bí obìnrin náà ṣe wí. Mo tún gbá, mo tún fín. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn rìn yí yàrá náà ká. Ọjọ́ tó mọ́ tónítóní dé, mo pe Raliat.

Ó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò wọlé.

"Bàbá, ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi pé kò sí mọ́."

N kì í búra. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo rìn lọ sí kọ̀rọ̀ kan, mo rìn lọ sí èkejì, mo dúró lórí ẹní ìkírun ìyá rẹ̀, mo padà wá, mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìtẹ́lẹ̀ àti lókè. Nígbà tó dìde, omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

"Bàbá, ìbọ̀sẹ̀ yín ti lu o."

Ó tú ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí ìró tí mo ti tẹ́ padà sórí ibùsùn. Kòkànmí wá, ó gbóòórùn ibùsùn títí, kò rí ohun tó ń wá, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ìyábọ̀ na ẹsẹ̀, ó sì tọ̀ sórí ìró ìyá ìyá rẹ̀.

"Ah! Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n lọ fọ̀ ọ́ kíákíá."

"Fi í sílẹ̀," mo wí. "Fi í sílẹ̀ di ọ̀la."

Mo jáde. N kò ti ilẹ̀kùn.