Ìjókòó Àpò Yanrìn

Nígbà tí ọkọ mi sọ pé òun fẹ́ sọ pikọ́ọ̀pù wa di èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, mò ń to fáànù ẹ́ńjìnì sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń tò ó lọ. Ó tún un sọ. Mo ní, "Mo ti gbọ́ yín. Etí mi ò di." Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ tó kún fún gíríìsì mọ́ ṣòkòtò, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má bínú, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, èmi sì ń ta àlòkù páàtì ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Ògiri páànù kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Tó bá ní kí n gbé bírékì wá, ojú ihò tó wà lára páànù náà ni màá gbé e gbà. Bá a ṣe ń ṣe é látìgbà tá a ti fẹ́ra nìyẹn, a kì í sì í sábà jà, àfi tó bá gbé ọjà mi tí kò sọ fún mi.

Orí òkè ni ilé wa wà. Amọ̀ pupa ni ọ̀nà ibẹ̀, tí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Pikọ́ọ̀pù wa ti gbó, táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ló sì ń fà á. Tí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn táyà yẹn á kàn máa yí lójú kan ni. Àwọn ẹlòmíì máa ń di àpò yanrìn sẹ́yìn ọkọ̀ wọn kó lè wúwo. Ní tiwa, ọmọ wa la máa ń gbé síbẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tá a bí. Láti kékeré ló ti ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, lókè táyà gan-an, bó sì ṣe ń dàgbà tó ń sanra ni inú bàbá rẹ̀ ń dùn pé ọkọ̀ òun túbọ̀ ń gun òkè. Àpò Yanrìn ló ń pè é. Torí bẹ́ẹ̀, èmi náà di Ìyá Àpò. Ọmọ yìí di nọ́ọ̀sì, ó ń wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀, tí òjò bá rọ̀, á ká aṣọ sókè, á fò sẹ́yìn ọkọ̀. Á ní, "Bàbá, ẹ rántí pé iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe o." Tó bá ti jókòó dáadáa, á gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ kì í kúrò lójú kan àfi tí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ ọ. Tá a bá wá dókè, á ké sí i láti iwájú pé, "Àpò Yanrìn, ṣé o wà ńbẹ̀?" Òun náà á ní, "Mo wà níbí. Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Lọ́jọ́ tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọmọ wa gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Níbi kọ́nà tó wà láàárín òkè, ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ mi tún un mú, a sì ń gùn lọ. Àwa méjèèjì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dókè, ó ké sí i bó ṣe máa ń ké sí i. Ó tún ké sí i. Ìsàlẹ̀ la ti wá rí i, ní kọ́nà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta etí gọ́tà. Orí ló fi lù ú. Mi ò ní sọ jù báyẹn lọ.

Látìgbà náà, ọkọ mi ò wa ọkọ̀ náà gun òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ la máa ń gbé e sí, a ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Kò pè mí ní Ìyá Àpò mọ́. Orúnkún mi ń dùn mí lójú ọ̀nà yẹn, mi ò sì sọ fún un.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ ṣe lára ọkọ̀ náà. Ó tú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ pátá. Ó sọ àpótí jíà kalẹ̀, ó lọ wá irú èyí tó ní àpótí kejì lára, tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn. Wẹ́dà tó wà lódìkejì títì wá bá a jó irin ìdìmú mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ẹlẹ́nu ni wẹ́dà yìí. Ó ní, "Màmá, tí ọkọ̀ yìí bá parí, ògiri ló máa gùn. Aláǹgbá máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀." Mo wò ó. Ó yáa fa awò bojú, ó ń jó irin rẹ̀ lọ.

Ohun tí wẹ́dà ò mọ̀ ni pé mò ń gbàdúrà kí ọkọ̀ náà má gun nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí iṣẹ́ yẹn bá kùnà, á jẹ́ pé òkè ló burú, òjò ló burú, kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n tó bá gùn ún, tó gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, á jẹ́ pé ní gbogbo ọdún yẹn, kò sídìí kankan tí ọmọ mi fi ní láti jókòó sẹ́yìn. A kàn fi ọmọ dípò irin ni. Ara mi ò lè gba ìyẹn.

Ó wá ku áàsù iwájú, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó gbé táyà méjèèjì, tó ní ikùn róbótó tí jíà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé tiwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba: iye ìgbà tí ọ̀pá máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, bákan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn. Tí wọn ò bá dọ́gba, iwájú á máa sáré, ẹ̀yìn á máa fà á, wọ́n á sì máa bára wọn jà títí jíà á fi fọ́. Ọkọ mi yọjú láti ojú ihò. Ó ní, "Bá mi wá áàsù iwájú tó bá tẹ̀yìn mu."

Méjì ni mo ní. Ọ̀kan ń dán, kò bá a mu. Ìkejì ti dípẹtà ní igun ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ọmọ mi tó lọ. Orí ikùn rẹ̀ ni ọmọ náà máa ń jókòó sí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á máa jẹun, á sì máa sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù mi dọ̀tí. Mo ní kí ọkọ mi wá gbé èyí tó ń dán.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé, kò yọjú láti ojú ihò. Ó jókòó sórí táyà kan.

Ó ní, "Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo yí i. Kò bá ẹ̀yìn mu."

Mo ní, "Bóyá ẹ ṣì í kà ni."

"Ìyá Àpò. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò ta páàtì tí kò bá a mu fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó ń bú ọ gan-an, o ò ṣe é fún wọn."

Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tó bí mi nínú. Mo ní, "Mi ò fẹ́ kó gùn ún. Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí? Tó bá gùn ún lónìí, á jẹ́ pé ì bá ti gùn ún tẹ́lẹ̀. Áàsù tó bá a mu nìyẹn ní igun yẹn. Orí rẹ̀ lọmọ yín ń jókòó sí."

Ó wo áàsù náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i láti ojú ihò. Mo kàn ń sọ pé tó bá dọdún tó ń bọ̀, màá ṣe é. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn kó máa wà lẹ́yìn mi níbẹ̀ ni, kó máa gbá orí ọkọ̀. Tí mo bá ṣe é, kò ní í jókòó síbẹ̀ mọ́. Ìdí tí mi ò fi ṣe é nìyẹn."

Mo fẹ́ bú u, àmọ́ mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, mo sunkún, òun náà sunkún lórí táyà rẹ̀, a ò sì súnmọ́ ara wa. Nígbà tó yá, mo dìde, mo di apá kan áàsù tó dípẹtà náà mú. Mo ní, "Ẹ wá di apá kejì mú. Ó wúwo."

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí. A ti ṣọ́ọ̀bù, ó wakọ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, ó dúró. Ó fa ọ̀pá kékeré tó ń mú táyà iwájú wọṣẹ́, mo sì gbọ́ nígbà tí jíà wọlé. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ò kúrò.

Mo rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ ni. Mo yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, ojú rẹ̀ wà níwájú, ó tẹ́tí sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun tẹ́tí. Ó ń dúró de ẹni tó máa gbá orí ọkọ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sínú òjò.

Ó ní, "Ibo lò ń lọ? Wọlé, jọ̀ọ́. Kò nílò ẹrù mọ́."

Mo fi agídí gun ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo jókòó lókè táyà, níbi tí ìjókòó ọmọ mi ti fá ọ̀dà kúrò lára irin. Mo fọwọ́ kan di etí ọkọ̀ mú, mo fi ìkejì gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó rọra gùn ún. Kò yọ̀, kò fì. Ní kọ́nà yẹn, mo ti di ojú, àmọ́ táyà iwájú ń fà, tẹ̀yìn ń tì, àfi bí ẹni pé orí títì la wà. Ó rọrùn gan-an. Mò ń sunkún kíkankíkan nínú òjò, mò ń sọ fún ọmọ mi pé ó rọrùn, pé kó má bínú sí wa.

Lókè, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn orí ọkọ mi wà ní ṣíṣí. Kò wẹ̀yìn. Ó ké sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ṣé o wà ńbẹ̀?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bi. Mo tún mọ̀ pé tí wọn ò bá dá a lóhùn, kò ní í lè bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo nu ojú mi.

Mo ní, "Mo wà níbí. Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Ìgbà yẹn ló tó pa ẹ́ńjìnì.