Ẹ̀yìn Orí Ọ̀gá Sıtkı

Dókítà Nüket fi bírò aláwọ̀ elésè àlùkò fa ìlà kan sí iwájú orí Tuncay. Tuncay wo dígí, ó mirí.

"Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí i, Dókítà. Ibi tó wà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fẹ́."

Sıtkı, bàbá rẹ̀, jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ife tíì kékeré lé orúnkún. Onígbàjámọ̀ ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gẹrun ní àdúgbò Üsküdar, orí tirẹ̀ sì ń dán bí àwo tánganran. Àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kó sinmi. "Ọ̀gá, gbogbo irun wa tẹ́ ẹ̀ ń gbá dà nù yìí, ẹ ò ṣe lẹ díẹ̀ mọ́ tiyín?" Òun náà á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé apárí fojú di abẹ ni? Ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó, èmi kọ́." Ẹ̀rín á sọ, iṣẹ́ á máa lọ.

Ẹ̀rín náà ló rín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tí Tuncay bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì omi, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin irun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Tuncay, òun nìkan ni Sıtkı bí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá àti ọmọ lọ kí àwọn òbí Berrin, ọmọbìnrin tí Tuncay fẹ́ fi ṣaya. Àbúrò bàbá ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bàbá, ó wo ọmọ, ó ní, "Èwo wá lọkọ ìyàwó nínú yín?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tuncay náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹun kánú.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ọ̀nà méjì ló wà," ó ní. "Nínú èkíní, a ó gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn orí, láti etí dé etí, a ó rán ojú rẹ̀ pa, a ó wá máa tú irun inú awọ náà gbìn síwájú. Irun púpọ̀ là ń rí lẹ́ẹ̀kan, a ò sì ní í fá gbogbo orí. Àmọ́ àpá ibi tá a rán kì í lọ. Nínú èkejì, a kì í gé awọ. Irinṣẹ́ kan tẹ́nu rẹ̀ rí róbótó la fi ń hú irun náà jáde níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, a ó fá gbogbo orí, àpá rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn."

"Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ṣe é," Sıtkı já lu ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà yíjú sí i.

"Mo ń rí wọn lórí àga mi ni," ó ní. "Aránṣọ kan wà ládùúgbò wa, ogún ọdún rèé tí wọ́n ti gé tiẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ mi sún mọ́ awọ orí ẹ̀, nítorí ìlà kan wà níbẹ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n rán. Ẹnì kan wà tí wọ́n hú tiẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọ́n hú u láhùújù, ẹ̀yìn orí ẹ̀ wá dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn dáadáa sì wà. Èmi tí mo di abẹ mú gan-an, mo ní láti wá àpá ọ̀hún kí n tó rí i."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa wá bá mi ṣiṣẹ́ ni?" Dókítà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń la irun ẹ̀yìn orí Tuncay, tó ń fi awò wò ó. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tuncay, mi ò ní í ṣe é fún ẹ báyìí. Kò sí èyí tí mo máa ṣe nínú méjèèjì."

"Kí ló dé?"

"Irun tó ń re lórí ẹ kò tíì mọ ibi tó máa dúró. Tí mo bá gbin síwájú lónìí, tí tàárín orí bá tún ń re, láàárín ọdún díẹ̀, ìdì irun kan ṣoṣo á kù síwájú bí erékùṣù. Irun ẹ̀yìn orí sì dà bí èbù iṣu, èyí tá a bá ti gbìn, a ò lè tún un gbìn mọ́. Tìẹ ò pọ̀. Lo oògùn fún ọdún kan ná, kó o pa dà wá."

Tuncay dìde. "Mo mọ ẹni tó máa ṣe é fún mi lónìí, ní títì yìí kan náà."

"Òótọ́ ni," Dókítà dáhùn jẹ́ẹ́. "Wọ́n á ṣe é."

"Fara balẹ̀, ọmọ mi," Sıtkı ní.

Tuncay kọjú sí i. "Kò lè yé yín, Bàbá! Ẹ̀rín lẹ máa ń rín ṣáá. Kò dùn yín rí."

Sıtkı la ẹnu. Àwàdà mẹ́ta ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sí èyí tó jáde níbẹ̀.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, inú oṣù Ògọ́ọ̀sì, mi ò ṣí fìlà títí wọ́n fi tú ká. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Ìyá ẹ rò pé ara mi ò yá."

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Àmọ́ ọmọ tó dàgbà sínú ẹ̀rín yẹn, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹkún wà nísàlẹ̀ rẹ̀?

Tuncay rọra jókòó. Ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Dókítà, bí tèmi ò bá ṣeé ṣe, ti Bàbá mi ńkọ́?"

"Tèmi kẹ̀? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta?"

Ṣùgbọ́n Dókítà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka rẹ̀ tutù. Ojoojúmọ́ ni Sıtkı ń fọwọ́ kan orí olórí, kò rántí ìgbà tí ẹlòmíràn ti fọwọ́ kan tirẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀yìn orí yín kún bí igbó," Dókítà ní. "Pípá tiyín sì ti parí ìrìn àjò ẹ̀ tipẹ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin niṣẹ́ yìí tọ́ sí, Ọ̀gá."

Tuncay rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù máa dákú!"

Sıtkı fẹ́ sọ pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi irun ṣe. Ṣùgbọ́n ife tíì ló gbé lé ojú fèrèsé, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn orí ara rẹ̀.

"Ẹ lọ rò ó nílé, kò sí ìkánjú," Dókítà ní. "Kí n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ṣe é, èwo lẹ máa fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Èkejì," Sıtkı dáhùn. "Ẹ má hú u lójú kan, ẹ fọ́n ọn ká. Òkè etí ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ki jù. Níwájú, ẹ má fà á wálẹ̀ jù, kó rí bíi tẹni tó ti dàgbà. Kó má sì tọ́ gbọnrangandan, kó wọ́ díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín àti níhìn-ín."

Bírò Dókítà dúró lórí ìwé. Tuncay ń wo bàbá rẹ̀.

Ìgbà náà ni Sıtkı tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Kò ronú kó tó dáhùn. Gbogbo ẹ̀yìn orí tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, tó ń fi àtàǹpàkò la irun wọn kó lè rí ojú ibi tí wọ́n rán àti àpá abẹ́rẹ́, ó ti rò pé ojú onígbàjámọ̀ lòun fi ń wò wọ́n, àṣé ojú apárí ni.