Ìkòkò Inú Oko Ata

"Kí n tó kírun Àlàásárì, kí gbogbo ìkòkò yìí ti kúrò nínú ilẹ̀ bàbá wa."

Jibril dúró sí eteetí oko, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kankan. Òun ni ẹ̀gbọ́n Ọládòṣù, ọkọ Àwáwù tó ti kú, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ ẹbí tó wà ní Alajue yìí wà. Àwáwù kúnlẹ̀ láàárín ata, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí ìkòkò kan. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ká ata náà tán ná, nítorí ata náà nìkan ló kù tí òun fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Jibril ní tí kò bá lè yọ wọ́n lónìí, kó kúrò lórí ilẹ̀ náà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí kò le rárá, àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di líle. Ní ìlú Awo ni Àwáwù ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti pe àwọn àgbẹ̀ jọ láti kọ́ wọn bí èèyàn ṣe lè fi omi díẹ̀ dáko lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí wọ́n ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ dé ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, kí wọ́n bu omi kún un, kí wọ́n sì dé e. Omi á máa rọra yọ́ jáde lára amọ̀ lọ sí ìdí ata, oòrùn kò sì ní rí i fà gbẹ. Odò ẹ̀yìn oko ti gbẹ. Kẹ̀kẹ́ ni Àwáwù fi ń kó kẹ́ẹ̀gì omi wá láti ìgboro Ẹdẹ, èyí tó bá sì kó wá lẹ́ẹ̀kan máa ń tó o lò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ata àwọn yòókù rọ, ó sì kú. Tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, tí a bá lè pè é ní àṣìṣe. Ta ni yóò rí ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì dé lórí, tí ata ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀dá, tí kò ní sọ ohun tó wá sí i lọ́kàn? Wọ́n ní Àwáwù ti ri nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rinrin oko àwọn aládùúgbò ló ń fà wá sínú tirẹ̀. Àwọn aláta tó máa ń wá kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá mọ́.

Àkànkẹ́, amọ̀kòkò tó ta ìkòkò náà fún un, gbọ́, inú sì bí i. Olóòṣà ni Àkànkẹ́, ìdílé wọn ń bọ Ọ̀ṣun láti ìran dé ìran, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá sí agbo ilé, ó kojú Jibril níṣojú gbogbo èèyàn.

"Èmi tí mo ń bọ òrìṣà ni mò ń sọ fún yín. Ìkòkò òrìṣà kọ́ nìyẹn. Ìkòkò omi lásán ni."

Kò sí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ló sì sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé olóòṣà fúnra rẹ̀ ló wá gbèjà Àwáwù. Ohun tí ì bá parí ọ̀rọ̀ ló wá dá kún un.

Bí Jibril ṣe dúró tì í lóko lọ́jọ́ náà, Àwáwù fa ìkòkò àkọ́kọ́, kò wá. Ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún fà á, gbòǹgbò ata sì bá a jáde. Gbòǹgbò náà ti wé mọ́ ìkòkò yíká, ó dì mọ́ ọn bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ata wó lulẹ̀ tòun ti òdòdó lórí. Àwáwù gbé e sókè, ó bi Jibril pé ṣé ó rí i pé omi ni gbòǹgbò yìí ń wá, kò wá nǹkan mìíràn. Jibril gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó máa yọ ọ́ lọ. Ó yọ òmíràn, ó tún yọ òmíràn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìpè ìrun dún lọ́ọ̀ọ́kán, Jibril wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kẹ́ẹ̀gì ti ṣófo. Kò sí omi kankan nítòsí àfi èyí tó wà nínú ìkòkò. Bí ọkùnrin yìí bá lè fi omi yìí ṣàlùwàlá, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò tún lè sọ pé nǹkan burúkú wà nínú rẹ̀. Ó sáré bu omi sínú ike, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Bàbá Qúdrát, ẹ ṣàlùwàlá. Omi ẹ̀rọ ìgboro ni, èmi ni mo pọn ọ́n."

Jibril wo omi náà pẹ́. Ó mọ ohun tí obìnrin yìí ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ sún díẹ̀. Àmọ́ ó rántí àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí àti ohun tí wọn yóò sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu erùpẹ̀, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, ó fi erùpẹ̀ ṣàlùwàlá bí ẹni tí kò rí omi láginjù.

Èyí dun Àwáwù ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń sọ lọ. Ó fi omi inú ike náà ṣe àlùwàlá tirẹ̀, ó sì kírun níbi tó wà. Nígbà tó parí, ó mú ọkọ́, ó nà án sí Jibril.

"Ẹ yọ èyí tó kù fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ nilẹ̀."

Jibril kò gba ọkọ́. Ẹ̀rù àwọn ìkòkò náà ń bà á. Ìdí nìyẹn tó fi dúró sí eteetí oko látìgbà tó ti dé. Àwáwù fi ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kó àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Kò ní padà wá síbẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé Jibril kò ní fọwọ́ kan àwọn ìkòkò tó kù, kò sì sí ẹni tí yóò bu omi sí wọn. Ata náà á ṣì máa tutù níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ẹni tó ń pọn omi fún un ti lọ.