Kókó Inú Okùn Ọ̀gá Láìnì

Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ àpò, kó sì fa téèpù irin rẹ̀ jáde, inú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dùn. Ọ̀gá Láìnì nìkan ni ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, ó há àpò ọ̀rá kan mọ́ abíyá, ó sì ń wo téèpù náà bí ẹni tó bá ejò pàdé nínú yàrá.

Bíríkìlà ni Ọ̀gá Láìnì. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń fa láìnì funfun sí pápá ẹgbẹ́ rọ́gíbì àdúgbò wọn, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Garawa ẹfun kan, èèkàn méjì, okùn kan, iṣẹ́ parí. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Láìnì, àmọ́ ẹ má bi mí bí orúkọ náà ṣe ń dùn mọ́ ọn tó. Bí ẹnikẹ́ni bá wo láìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ́nrẹ́n, á ti dáhùn kí wọ́n tó bi í: “Láìnì tèmi kì í yẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ògiri tí mo mọ.”

Pápá tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ ìlú ń fún wọn níwèé kí wọ́n lò ó di ọdún tó ń bọ̀, ọdọọdún náà ni àyà wọn sì ń já pé ìwé lè má wá mọ́. Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan tí ọgbà rẹ̀ bá pápá pààlà kọ̀wé pé òun fẹ́ gba ibẹ̀ láti máa gbé ọkọ̀ àjàgbé sí. Ìgbìmọ̀ ṣí ìwé òfin. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá ti lo ilẹ̀ ìlú fún ogún ọdún lè gbà á títí láé, àmọ́ ibi tó fa láìnì rẹ̀ sí nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni wọn yóò fún un, kò lé, kò dín. Àjọ tó ń darí eré rọ́gíbì náà sọ tiwọn: pápá tí ìbú rẹ̀ ò bá tó mítà méjìdínláàádọ́rin, wọn ò ní í gbà pé pápá ni. Bí ìbú bá dín, kò sí pápá, kò sí ẹgbẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ jókòó, ó kọ lẹ́tà, ó ní mítà àádọ́rin géérégé ni ìbú pápá wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó sì búra lé e lórí níwájú lọ́yà. Nọ́ọ̀sì ni akọ̀wé yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Láìnì bí ni. Bàbá rẹ̀ ló bi léèrè iye mítà. Bàbá rẹ̀ ló sì la ẹnu tó ní àádọ́rin.

“Ẹ bá mi di ibí mú,” wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ìgbìmọ̀ rán wá wí fún akọ̀wé. Ó fi ẹnu téèpù lé e lọ́wọ́, ó wá gba inú koríko rìn lọ sí ọ̀dọ̀ láìnì funfun kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo téèpù. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó tún wò ó.

“Mítà mẹ́rìndínláàádọ́rin,” ó ní.

Alága ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ figbe ta. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága, ohùn rẹ̀ ò sì tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lójú títì. “Téèpù yín ló ń parọ́! Ọ̀gá Láìnì ló fa láìnì yìí! Ẹ tún un wọ̀n!”

Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n ní àárín, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìparí. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni níbi gbogbo. Iṣẹ́ Ọ̀gá Láìnì kúkú gún régé, ẹ ò lè rí àléébù síyẹn. Ó kàn dín ni.

Aṣojú ilé iṣẹ́ akẹ́rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó wọ bàtà funfun wá sórí koríko tútù, ẹ̀yin náà ẹ wo irú èèyàn. Ó nawọ́ sí koríko gíga tó wà láàárín láìnì àti ọgbà tiwọn. “Mo ti sọ ọ́ fún yín, ọ̀gá. Wọn ò dé ibí yìí rí. Ibí yìí gan-an la sì fẹ́ kí ọkọ̀ wa máa gbà wọlé.”

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kọjú sí akọ̀wé, ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bani. “Ẹ̀yin ìyáàfin, lẹ́tà tẹ́ ẹ búra sí ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Àádọ́rin lẹ kọ. Láìnì tí mo rí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá kọ ohun tí mo rí, wọ́n á ní ẹ parọ́ fún ìgbìmọ̀, wọ́n á fa ìwé yín ya, wọ́n á sì kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ yín. Aago mẹ́rin ni mo gbọ́dọ̀ fi ìròyìn mi sílẹ̀. Aago mẹ́ta ti lù.”

Akọ̀wé wo bàbá rẹ̀. Kò bínú, kò fura. Ojú tó fi wò ó ni ojú ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun ní ìdáhùn. Ó sàn kó gbá a létí.

Okùn tó fi ń wọn ìbú pápá ló wà nínú àpò ọ̀rá tó há mọ́ abíyá.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ fẹ́ gbá àṣekágbá, ẹ̀rọ gékogéko gbé okùn náà mì. Kí Ọ̀gá Láìnì tó pa ẹ̀rọ, ó ti jẹ ibi tó tó mítà mẹ́rin já wẹ́wẹ́. Òjò ọ̀sẹ̀ náà ti fọ láìnì àtẹ̀yìnwá nù lójú koríko, òmíràn sì tún ṣú. Àwọn àlejò ti dé, wọ́n ń wọ bàtà. Ó gé ibi tó ti bàjẹ́ dànù, ó so ẹnu okùn méjèèjì pọ̀ ní kókó kan gbàǹgbà, ó ní bó bá di Mọ́ńdè òun á ra òmíràn. Mọ́ńdè dé pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀. Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹfun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, ó kàn tọ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ṣe di ọdún méje.

Látìgbà náà, ẹgbẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nílé mọ́. Àwọn àlejò á sá títí, wọn ò ní ráyè yí wọn po. Bí wọ́n bá ráhùn pé pápá yìí há, Alága á lu àyà rẹ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́: “Kì í ṣe pápá ló há, àyà tiwa ló fẹ̀!” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Láìnì náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ tirẹ̀ kì í dé ikùn.

Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ pápá, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì yá bí nǹkan míì. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó gba etí láìnì, ó já mọ́ èèyàn méjì lọ́wọ́, ó sì fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní igun pápá, bí wọ́n ṣe ń gba àmì nínú rọ́gíbì. Pápá hó yèè. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní ó ti tẹ láìnì kó tó débẹ̀, àmì ò wọlé. Ẹgbẹ́ pàdánù. Ọmọ náà sunkún délé, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ibi tí òun máa ń gbà lójoojúmọ́ náà ni òun gbà. Bàbá rẹ̀ sì dá a lóhùn lórí àga oúnjẹ: “Láìnì tèmi kì í yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ló yẹ̀.”

Ó rántí kókó okùn náà bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ. Ọmọ náà kó bàtà eré rẹ̀ sínú páálí lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní òun á kúkú máa bá wọn kọ̀wé.

“Bàbá,” akọ̀wé wí, “ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ o.”

Ìtìjú ń gun Ọ̀gá Láìnì láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó lè dákẹ́. Ó lè ní òun ò mọ nǹkan kan, kí ọmọ òun sì di onírọ́. Ó tú àpò ọ̀rá. Ó fa okùn náà jáde, ó sì gbé kókó rẹ̀ sókè níwájú gbogbo wọn.

“Èmi ni,” ó ní. “Ọmọ yìí ò parọ́. Àádọ́rin ni pápá wa. Okùn já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àṣekágbá, mo so ó pọ̀, ó sì dín. Láti ọjọ́ yẹn ni láìnì ti dín. Mo mọ̀, mi ò sọ.”

Akọ̀wé wo kókó náà. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ju ẹnu téèpù sílẹ̀, ó sì ká ọwọ́ lẹ́rán.

Ọkùnrin bàtà funfun rẹ́rìn-ín. “Ta ni ò ní purọ́ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀?”

“Bàbá,” wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wí, “mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n okùn ò lè jẹ́rìí. Ó lè jẹ́ àná lẹ so ó.”

“Ẹfun á jẹ́rìí,” Ọ̀gá Láìnì ní. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló dé yìí, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀. “Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi da ẹfun sí ojú ibì kan ṣoṣo kí okùn tó já. Òjò ń rì í mọ́lẹ̀, ó ń gan. Ó wà lábẹ́ koríko yẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ.”

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ó sáré mú ṣọ́bìrì. Ó dúró lórí láìnì, ó ka ìgbésẹ̀ mẹ́rin wọ inú koríko gíga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Erùpẹ̀ dúdú. Ó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ekòló. Ó sún sọ́tùn-ún, ó gbẹ́, erùpẹ̀ náà ni. Ó padà sórí láìnì, ó tún ìgbésẹ̀ mẹ́rin kà, ó bọ́ sójú kan náà. Òógùn ń kán sórí ṣọ́bìrì. Ọkùnrin bàtà funfun ti ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti parí.

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, bàbá.”

Ẹ̀rù wá bà á gidi. Àbí òjò ti fọ̀ ọ́ lọ? Ó fẹ́ tún ìgbésẹ̀ kà, orúnkún rẹ̀ sì dún kọ́ọ́, orúnkún tó fi ṣubú lórí àkàbà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó dúró gbagidi. Nígbà tí ara ṣì le, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan ni mítà kan, òun ló fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé. Ara ò le mọ́. Ohun tó fi ń wọn ilẹ̀ ti tún kúrú mọ́ ọn lára, bí okùn náà ṣe kúrú, òun tún ni kò fẹ́ gbà.

“Ọmọ mi,” ó pè é, “ìgbésẹ̀ mi ò tó mọ́. Wá bá mi fi ẹsẹ̀ rẹ wọ̀n ọ́n.”

Ọmọbìnrin náà tú ọwọ́ ká. Ó wá dúró lórí láìnì, kò wo ojú bàbá rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ gígùn yẹn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó fi bí apá kan kọjá ihò tí bàbá rẹ̀ gbẹ́.

“Ibí,” ó ní.

Ọ̀gá Láìnì ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ó dún gààràgà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbọn erùpẹ̀ kúrò, ẹfun funfun báláú sì wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó le bí ilẹ̀ ilé. Wọ́n gbẹ́ ibòmíràn ní apá ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà tún tọ́ka sí. Ẹfun ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹfun ni.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, ó yà á ní fọ́tò. Ó na téèpù láti ibẹ̀ dé òdì kejì. “Àádọ́rin,” ó ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo tí Alága pa, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ nínú ọgbà àwọn akẹ́rù. Ọkùnrin bàtà funfun wo bàtà rẹ̀, kò funfun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ fi pápá náà fún wọn títí láé. Gbogbo ẹgbẹ́ yọ̀. Nínú ilé Ọ̀gá Láìnì, ọmọ gbé oúnjẹ fún bàbá, ó kí i, ó dáhùn ohun tó bi í, kò fi nǹkan kan kún un. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ọ̀gá Láìnì mú téèpù irin tuntun, ó fa láìnì sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó nàró, ọmọ rẹ̀ dúró ní ìdajì pápá. Ó ti wọ bàtà eré tó wà nínú páálí, bọ́ọ̀lù wà lábíyá rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn lórí pápá. Ó sá. Ó gba etí láìnì tuntun náà bọ̀ lójú kan náà tó gbà lọ́dún méje sẹ́yìn, ó fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní igun, níwájú bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó bojú wẹ̀yìn. Ipa bàtà rẹ̀ wà nínú ìrì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú láìnì, àyè tún ṣẹ́kù.

“Rẹfirí ńkọ́? Ṣé mo tẹ̀ ẹ́?” ó bi í.

Garawa bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Láìnì, ẹfun dà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Kò wò ó.

“O ò tẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Lọ́jọ́ yẹn náà, ọmọ mi, o ò tẹ̀ ẹ́.”