Ohun Tó Wà Nísàlẹ̀ Fíríìjì

Ìyá Tutù-nini ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń tutù tó tirẹ̀. Àṣírí òtútù náà ò ju fíríìjì onídìígí gàgàrà kan lọ, èyí tí iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọtí gbé fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: ọjà ẹlòmíì ò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀. Bí alábẹ̀wò wọn bá fi lè rí i, fíríìjì lọ nìyẹn.

Àdéhùn náà ò ni ín lára, àfìgbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń rọ ẹlẹ́rìndòdò sínú ike. Ọtí wọn dùn, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ọtí gbígbóná? Wọ́n sì ti sọ fún un pé bí ọjà ò bá tà, kó máa lọ sílé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi fi sísàlẹ̀ pátápátá,” àbúrò bẹ̀bẹ̀. “Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wò ó?”

“Ẹni tó ni fíríìjì ni!”

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni ò ṣe é tì síta. Ó kó àwọn ike náà sísàlẹ̀, ó fi ìgò onílé tò síwájú wọn bí ẹni mọ odi. Adìẹ wá bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mọ́tò bá ti dúró níta, àyà rẹ̀ á já. Èyí tó wá burú jù ni pé ọjà àbúrò ń tà wàràwàrà. Àwọn ọmọ iléèwé á ya wọlé, wọ́n á pariwo, “Ti ìsàlẹ̀ la fẹ́ o!” Òun á máa wo ẹ̀yìn, á ní, “Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, alábẹ̀wò wọlé. Aláwàdà ni, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

“Ẹ kú ọjà, mà.”

“Ọ̀gá, ẹ kú oòrùn. Ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó, mà.” Ó kọjú sí fíríìjì.

Ìyá Tutù-nini sáré dí i lọ́nà. Ó ní ilẹ̀kùn ti ń há, ó ní òtútù á jáde, irọ́ ń gorí irọ́. Ọkùnrin náà nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ike yọjú síta.

Obìnrin náà lè ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀; ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Àbúrò mi ló ni ín,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo kó o síbẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí. Ẹ ṣàánú mi, ẹ má gbé fíríìjì.”

Alábẹ̀wò mú ike kan, ó ṣí i, ó mu ún tán láìmí.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ó ní. “Ṣé àwọn ọmọ iléèwé ló máa bá yín pa àṣírí mọ́? Fíríìjì máa lọ, mà, àmọ́ kì í ṣe torí èyí. Ọjà wa ò tà mọ́. Wọ́n ní ká kó gbogbo fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kéékèèké padà. Ọkọ̀ ti wà níta.” Ó wolẹ̀. “Tá a bá kó wọn tán, iṣẹ́ tèmi náà parí nìyẹn.”

Wọ́n gbé fíríìjì lọ lójú Ìyá Tutù-nini. Alábẹ̀wò ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kó tó padà wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé wọ́n ṣì ń gbèèyàn níbi iṣẹ́ àbúrò yín?”

Ìyá Tutù-nini gan-an ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ máa dúró, nígbà tí kò síbi tó tutù mọ́.

“Màá bá yín béèrè,” ó ní.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò gbé bàsíà ńlá kan dé, omi dídì kún inú rẹ̀. Wọ́n jọ to ìgò àti ike sí i, tonílé tàlejò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rù.”

“Ta ló ń bẹ̀rù?” ló fèsì, ṣùgbọ́n omi dídì tó ń yọ́ ló ń wò. Ó bọ́ síta, ó gbóhùn sókè:

“Ẹ wá mu ún kó tó gbóná o!”